Màmá ní "A dúpẹ́", ebi sì ń pa wọ́n

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Adátán ni mò ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí. Ìyá mi, ẹni ọdún 67 tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé lẹ́yìn ọjọ́ 11 nítorí egbò ẹsẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó dúró ṣàlàyé fún wa. Bí àwọn dókítà bá dé láàárọ̀, wọn a béèrè pé báwo lara, ìyá mi a ní 'A dúpẹ́', wọn a sì kọjá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí ìyá mi má jẹun láti òru nítorí iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sún un síwájú, tí ìyá mi sì wà lórí ebi títí di ìrọ̀lẹ́. Oúnjẹ ibẹ̀ máa ń tutù, kò níyọ̀, ìyá mi a kàn tọ́ ọ wò ni. Mo wá gbé láfún àti ewédú wọlé lábẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì kan rí i, ó sì jágbe mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀ kí wọ́n lẹ awọ mọ́ ojú egbò náà. Ìyá mi ní àwọn kò lọ mọ́, pé ó sàn kí àwọn kú sílé. Ṣé kí n gbé wọn lọ sí ọsibítù mìíràn ni? Ṣé wọ́n fojú tín-ín-rín wa ni, àbí àwa la kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Ìyá mi tún ní kí n bi yín pé, ṣé àwọn ò ní í jẹ láfún mọ́ láyé ni?"

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà nínú ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti dúró síbi tí nọ́ọ̀sì yẹn dúró sí, mo sì ti jókòó síbi tí ìwọ náà jókòó sí, nígbà tí wọ́n dá ọkọ mi dúró sí ọsibítù. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá yé mi, ohun tó ń dùn ọ́ ju ebi lọ ni pé ó jọ pé wọn kò ka ìyá rẹ kún. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n egbò ṣì wà nílẹ̀, kò bìkítà fún ìbínú wa, ìpinnu tó wà lọ́wọ́ rẹ sì ni pé ṣé Màmá yóò padà lọ gba awọ, àbí wọn yóò jókòó sílé kí egbò máa jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀. N ó dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ìdí ọ̀rọ̀ náà, torí bí o bá gbé wọn lọ síbòmíràn láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun kan náà lè tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

"A dúpẹ́" tí Màmá ń sọ láràárọ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé kì í fi àìsàn dáhùn ìkíni. Bí wọ́n bá ní "Ẹ kú àárọ̀ mà, ara ńkọ́?", àgbàlagbà yóò ní "A dúpẹ́, ara ti ń le," kódà bó bá jẹ́ pé oorun kò kan ojú rẹ̀ mọ́jú. Ìkíni ló dáhùn. Dókítà tó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìròyìn àìsàn lòun rò pé òun gbọ́, ohun tó sì ń kọ sínú fáìlì ni pé aláìsàn kò ráhùn nǹkan kan. Mo rántí bàbá àgbẹ̀ kan láti ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá tó dúpẹ́ fún odindi ọjọ́ kan àtààbọ̀. Ìgbà tí mo ṣí aṣọ kúrò níkùn wọn láti wẹ̀ wọ́n ni mo rí i pé ìsàlẹ̀ ìdodo ti yọ gọngọ bí ìgbà tí wọ́n dojú igbá délẹ̀. Ìtọ̀ ni. Wọn kò tíì tọ̀ láti àná. Mo ní "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún àwọn dókítà?" Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n rọhùn sílẹ̀: "Níwájú àwọn ọmọdébìnrin yẹn?" Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ló máa ń tẹ̀ lé ọ̀gá wọn lẹ́yìn, ó lè tó mẹ́jọ tó pagbo yí bẹ́ẹ̀dì kan ká. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kò ní í dédé pe ìtọ̀ lórúkọ níwájú wọn. N kò dá bàbá lẹ́bi, n kò sì dá ọmọ tó kọ̀wé lẹ́bi pátápátá. Ẹni tó bá ń tọ́jú Yorùbá ló yẹ kó mọ̀ pé ìbéèrè àìsàn gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn ìkíni, kó wá lọ́tọ̀, kó sì dá lórí ohun kan pàtó: "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́ lóru àná? Ẹ sùn? Kí lẹ jẹ?"

Ọ̀rọ̀ jẹ àti mu náà wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì a wá lálẹ́, a ní "Mà, ẹ má jẹ nǹkan kan láti aago méjìlá òru o." Aláìsàn a ní ó yé òun. Tó bá di aago márùn-ún ìdájí, a mu ife ògì gbígbóná kan, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀, torí kò jẹ nǹkan kan, ó mu ni. Mo ti rí i tí wọ́n dá obìnrin kan padà lẹ́nu ọ̀nà tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, nítorí ife ògì, tí gbogbo èèyàn sì ń sọ pé ó purọ́. Kò purọ́. Lédè wa, ohun tí a ń mu yàtọ̀ sí ohun tí a ń jẹ. Bákan náà ni "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹ̀gbá tó ti mu tíì, tó sì ti jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, lè dáhùn pé òun kò tíì jẹun, nítorí òkèlè kò tíì kan ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ ṣúgà ní láti mọ̀ nípa búrẹ́dì yẹn. Nígbà tó yá, mo jáwọ́ nínú bíbéèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Mo máa ń ní: "Kí ló ti gba ẹnu yín kọjá láti ìdájí, èyí tí ẹ mu àtèyí tí ẹ jẹ, títí dórí obì?" Obì gan-an máa ń jáde nínú ìdáhùn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn má jẹ, kó má mu, rèé. Bí wọ́n bá kun èèyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ọ̀fun rẹ̀ náà á sùn. Nígbà tí a bá lajú sílẹ̀, bí itọ́ bá ṣìnà, ikọ́ á gbé e jáde. Kò sí ikọ́ nínú oorun yẹn. Ohun tó bá wà níkùn lè gòkè wá, kó ya sí ẹ̀dọ̀fóró, omi ikùn tó kan gógó sì ń bó ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè pa èèyàn. Òfin náà ní ìdí tó lágbára. Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn dókítà tó ń kun èèyàn lóorun ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé kí oúnjẹ fúyẹ́ ti kúrò lẹ́nu ní wákàtí 6 ṣáájú, kí ẹran àti oúnjẹ ọlọ́ràá tó wákàtí 8. Omi tó mọ́ gaara, ọ̀pọ̀ èèyàn lè mu ún títí di wákàtí 2 ṣáájú. Ibo wá ni "láti òru" ti wá? Ó wá láti inú pé orúkọ èèyàn mẹ́fà lè wà nínú ìwé tíátà lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé aago 10 ni ẹni kẹrin yóò wọlé tàbí aago 3. Wọ́n wá ń sọ ohun kan náà fún gbogbo wọn. Ó rọrùn fún wọ́ọ̀dù, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìwé ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Má torí pé mo kọ èyí, kí o wá fún Màmá lómi láìbéèrè o. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára máa ń jẹ́ kí ikùn àwọn kan falẹ̀, oúnjẹ kì í tètè kúrò níbẹ̀, dókítà tó ń kunni lóorun nìkan ló lè sọ ti Màmá.

Bí wọ́n ṣe ń sún iṣẹ́ abẹ síwájú yé mi dáadáa. Wọ́n lè gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ wọlé láti ojú ọ̀nà Ṣágámù, aboyún lè dé tí ọmọ há sí i lára, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹ wá lè ṣàì tíì dé, ṣúgà aláìsàn fúnra rẹ̀ lè ga jù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sí ìwà ìkà nínú èyí. Ohun tí n kò ní í bá ẹnikẹ́ni bò ni ohun tó tẹ̀ lé e. Tíátà lè ti fagi lé orúkọ aláìsàn laago 11, kí ìròyìn má sì dé wọ́ọ̀dù títí di aago 2, kẹ̀kẹ́ oúnjẹ ọ̀sán á ti kọjá, páálí "má jẹ, má mu" á ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti fara gba ebi. Ẹ̀bi ọsibítù ni. Ó sì yẹ kí onítọ̀ ṣúgà wà lókè ìwé tíátà, kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀, nítorí ebi kì í ṣe é bó ṣe ń ṣe ẹlòmíràn.

Mo ní ìdí tí n kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó ti tó ogún ọdún báyìí, mo gún bàbá kan lábẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, laago 7 àárọ̀, bí a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Aago 7 ààbọ̀ ló yẹ kí oúnjẹ dé. Gáàsì tán nílé ìdáná lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa. Aago 9 kọjá díẹ̀ nígbà tí obìnrin tó ń nulẹ̀ wá pè mí pé bàbá orí bẹ́ẹ̀dì igun yẹn ń sọ ìsọkúsọ. Mo sáré débẹ̀. Òógùn ti mu aṣọ wọn dé ìbàdí, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, orúkọ ìyàwó wọn ni wọ́n ń pè mí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti já wálẹ̀. Mo po ṣúgà síbí mẹ́ta sínú ife omi, mo gbé orí wọn lé apá mi, mo ń fún wọn mu ín díẹ̀díẹ̀, omi náà ń da sí àyà aṣọ iṣẹ́ mi. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú iṣan ni à bá gbé e gbà. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú 15, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní "Nọ́ọ̀sì, ebi ń pa mí o." Ẹ̀bi mi ni, mi ò wo ibi tí oúnjẹ wà kí n tó gbé abẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kò gún ìnsúlíìnì oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni láìfojú rí abọ́. Bí o bá rí i pé wọ́n fẹ́ gún Màmá, tí oúnjẹ kò sì tíì dé, má dákẹ́. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, oúnjẹ wọn ò tíì dé." Bí Màmá bá sì ṣàdédé ń làágùn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn kò já geere mọ́, pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tún ń fi dírípù tu ara wọn nínú, pé ó ń wọlé sí aláìsàn lára, oúnjẹ ni. Kì í ṣe oúnjẹ. Líítà kan dírípù oníṣúgà tí wọ́n ń pè ní 5% dextrose, ṣúgà gíráàmù 50 ló wà nínú rẹ̀, agbára tó ń fún ara kò ju bíi kálórì 200 lọ. Àgbàlagbà ń lò tó 1,500 lóòjọ́, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ omi oníyọ̀, tí wọ́n sábà máa ń fà sí onítọ̀ ṣúgà lára, kò ní kálórì kankan nínú. Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí awọ tí wọ́n fẹ́ lẹ̀. Kí awọ tó lè mú, ojú egbò gbọ́dọ̀ ti kún sókè, kó pọ́n, kó mọ́. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹran tí kò lọ́ràá ni ara fi ń hun ẹran tuntun síbẹ̀. Ìyá tó ń tọ́ oúnjẹ wò fún ọjọ́ 11 kò rí èlò tí yóò fi hun ún. Nítorí náà, oúnjẹ tí Màmá ń jẹ nílé láàárín oṣù yìí wà lára iṣẹ́ abẹ náà. Bí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín wọn ní wàhálà, béèrè ìwọ̀n ẹran àti ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún wọn.

Ní ti oúnjẹ tútù, ọ̀nà rẹ̀ gùn ni. Ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se fún ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, kẹ̀kẹ́ á máa ti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, ẹni tó wà lópin á jẹ ẹ́ ní tútù. Iye abọ́ tí wọ́n ń gbé wá, ìwé òwúrọ̀ ni wọ́n fi ń kà á, ẹni tí wọ́n bá dá dúró nírọ̀lẹ́ lè má sí nínú ìwé títí di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ kò tó nítorí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n kí á tó di ẹ̀bi ru alásè, ẹ wo ẹnu aláìsàn. Flagyl, tí wọ́n máa ń fún ọ̀pọ̀ elégbò ẹsẹ̀, máa ń jẹ́ kí ẹnu korò bí ẹni pé èèyàn lá irin. Oúnjẹ tó dùn jù lọ ní Kútọ̀ kò ní í dùn lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tó kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fẹ́ jẹun, wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n máa ń gba imú kì bọ ikùn. Mo jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta pẹ̀lú síbí ìrẹsì. Wọ́n gbà á sẹ́nu, wọ́n ń yí i kiri, ìrẹsì náà kò lọ. Mo ní kí wọ́n lanu. Èrìgì ni, kò sí eyín kankan lókè. Eyín àtọwọ́dá wọn wà nínú háńdíbáàgì ọmọ wọn, nínú ankáṣíìfù, láti alẹ́ tí wọ́n ti dé. Ọmọ náà bọ́ ọ kúrò kó má bàa sọ nù. Ojú ń ti ìyá láti sọ pé àwọn kò ní eyín. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n jẹ abọ́ kan tán.

Wàyí o, láfún. Láfún kì í ṣe májèlé, ọbẹ̀ ewédú kò sì ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ewu tó wà nínú ohun tí o ṣe ni pé ẹni tó ń wọn ṣúgà Màmá kò mọ̀ pé wọ́n jẹ ẹ́. Gbágùúdá ni láfún, kì í pẹ́ di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà á ga láàárọ̀, dókítà á rò pé ìnsúlíìnì kò tó, á fi kún un. Lọ́jọ́ kejì tí láfún kò bá wá, tó jẹ́ oúnjẹ ọsibítù tí Màmá ń tọ́ wò nìkan ló wà, ìnsúlíìnì tí wọ́n fi kún yẹn lè gbé wọn ṣubú bíi ti bàbá tí mo gún lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. N kò rí fáìlì ìyá rẹ, n kò sì lè sọ pé láfún ló jẹ́ kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ pé oúnjẹ tí a fi pamọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbo. Bí Màmá bá ń mu àgbo ṣúgà pẹ̀lú oògùn òyìnbó, sọ fún wọn, bí wọ́n bá tilẹ̀ máa bá ọ wí.

Nọ́ọ̀sì yẹn kò sì ṣe dáadáa. Ó yẹ kó fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ṣàlàyé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí, kó sì bi ọ́ pé kí ló dé tí Màmá kò fi jẹ tibẹ̀. Ìgbe tó ké kọ́ ọ ní ohun kan ṣoṣo: kí o tún fi oúnjẹ pamọ́ dáadáa nígbà mìíràn. Ó ń dùn mí pé ìlú wa ló ń ṣẹlẹ̀ sí, torí ìlú yìí ti mọ èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù Arò ká. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá, òun ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì yìn ín. Ẹni tó ń se oúnjẹ wà lára àwọn tó ń woni sàn níbẹ̀. Lónìí, ìbátan náà ni wọ́n ń rán lọ ra oògùn, òun ni wọ́n ń rán lọ wá ẹ̀jẹ̀, òun ló ń sanwó. Bó bá wá kan ti oúnjẹ, wọ́n á sọ ọ́ di àlejò tó yọ́ wọlé. Kò tọ́.

O ní kò sí ẹni tó dúró ṣàlàyé fún yín. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí àlàyé. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sọ pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ fún un bí ara rẹ̀ ṣe rí, ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu rẹ̀, iye tí yóò náni, àti pé ó lè kọ̀. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní èdè tó yé e bó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sì ro ti ìwọ̀n ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀. Ní 2018, Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tún ṣí ìwé ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn sójú táyé. Bó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ni, béèrè ọ́fíìsì SERVICOM, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2004 fún irú ẹ̀sùn báyìí. Ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni, ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ni kí o bá lọ. N kò ní í tàn ọ́ o: òfin kì í gbé abọ́ oúnjẹ wá, nọ́ọ̀sì méjì tó ń tọ́jú èèyàn ọgbọ̀n lóru kò sì ní í rójú jókòó ti ẹnì kan fún wákàtí kan. Kọ ẹ̀sùn rẹ, kọ ọjọ́ àti wákàtí tí Màmá wà lórí ebi sí i, má kọ èébú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo rí tó mú kí wọ́n yí nǹkan padà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù lórí wọ́ọ̀dù ni àsìkò àti ẹni tí a bi. Bí ọ̀gá dókítà bá ń yí ká láàárọ̀, ó ń sáré, ẹnu rẹ̀ kún fún òyìnbó, kì í ṣe ìgbà ẹjọ́ gígùn nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o mú dání. Ìgbà tó dára ni lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ, tí àwọn dókítà kéékèèké bá jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ń kọ ohun tí ọ̀gá sọ. Lọ bá wọn, kúnlẹ̀ kí wọn bó ti yẹ, béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe fún wọn lónìí? Ṣé wọ́n lè jẹ? Ṣé wọ́n lè mu? Títí di aago mélòó?" Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí o gbọ́ fún wọn padà lẹ́nu ara rẹ, kí wọ́n lè tún un ṣe. Má dúró di ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbaṣẹ́ fún ara wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń jábọ́ sí. Kí ẹ yan ẹnì kan nínú ilé tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀; bí ọmọ mẹ́rin bá bi dókítà mẹ́rin, ìdáhùn mẹ́rin lẹ óò máa fi jà nílé. Kí onítọ̀hún ní ìwé pélébé kan tí yóò máa kọ ohun tí Màmá jẹ, iye ṣúgà, oògùn tuntun sí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, bó bá ti di aago 10 tí wọn kò tíì pe Màmá, lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ní kó bá yín pe tíátà. Bí wọ́n bá fagi lé e, béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá kí Màmá jẹun, kí wọ́n sì yọ páálí yẹn kúrò.

Ṣé kí o gbé wọn lọ síbòmíràn? Ní tèmi, bí ọsibítù yẹn bá ní dókítà tó mọ̀ nípa lílẹ awọ, tó sì ti rí egbò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, n ó padà síbẹ̀. Àwọn aládàáni máa ń ráyè bá èèyàn sọ̀rọ̀, oúnjẹ ibẹ̀ sì lè gbóná, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n, kì í sì ṣe gbogbo wọn ló ní dókítà tó ń lẹ awọ tàbí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ṣúgà lóru. Bí o bá fẹ́ lọ, gba ìwé kíkọ lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́, kí ẹni tuntun má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọ̀nà kan tí n kò lè fara mọ́ ni ìjókòó sílé. Bóyá egbò ti yá fún awọ, bóyá eegun ti kó sí i, ojú ló ń rí i, lẹ́tà kò lè sọ ọ́ fún mi. Bí ẹsẹ̀ bá dúdú, tó ń rùn, tàbí tí ibà bá dé kí ọjọ́ tó pé, má dúró de oṣù tó ń bọ̀, gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Kí Màmá tó gbà láti padà, jókòó tì wọ́n, má pariwo ẹsẹ̀ gígé sí wọn létí. Sọ fún wọn pé ebi yẹn kò tọ́ sí wọn. Mo rò pé ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, kó gíláàsì ojú wọn dání, eyín wọn bí wọ́n bá ní, àti síbí tí ọwọ́ wọn mọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí wọ́n tó kọ orúkọ sínú ìwé tíátà, bẹ dókítà pé kó fi Màmá ṣe ẹni àkọ́kọ́, kí o sì ní kí wọ́n pe ẹni tó ń rí sí oúnjẹ aláìsàn wá bá yín sọ̀rọ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí lẹ lè máa sè wá láti ilé, ìwọ̀n wo, àti ìgbà wo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà bí wọ́n bá mọ ohun tó wà nínú abọ́.

Ìbéèrè tí Màmá fúnra wọn rán sí mi, pé ṣé àwọn ò ní í jẹ láfún mọ́: sọ fún wọn pé wọn yóò jẹ ẹ́. Kó má ju ìkúùkù wọn lọ, kí ewédú àti ẹja pọ̀ ju òkèlè lọ, kó má jẹ́ lójoojúmọ́, kí o sì wọn ṣúgà wọn ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí o kọ ọ́ sínú ìwé pélébé yẹn. Bí nọ́mbà náà bá ga, fi ìwé han dókítà. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ óò lọ, ro ó fún wọn fúnra rẹ, kó gbóná, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán kó tó di aago 8.